Ìrọ̀rí Kékeré Lórí Aga Eyín

Nígbà tí agbẹ̀bí náà kọ́kọ́ rí i, orí aga tí wọ́n ti ń yọ eyín aláìsàn ló dùbúlẹ̀ sí gbalaja. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo àjà ilé. Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀. Òjò ń rọ̀ lóde, iná ńlá tó wà lókè aga náà sì tàn sí i lójú débi pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ń dán bí ẹni pé òjò ọ̀hún ti pa òun náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni dókítà níbí?" agbẹ̀bí náà béèrè.

Ọkùnrin náà kò kánjú dìde. Ó yí ojú sí i, ó ní, "Èmi ni. Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń rí nígbà tí mo bá ń yọ eyín wọn ni. Ọ̀dà tó ti ṣí ni wọ́n ń rí. Kò dáa tó."

Obìnrin oníbúrẹ́dì tí agbẹ̀bí náà fà lọ́wọ́ wá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì ti wú bí ẹni tó ki odindi ọsàn sẹ́nu. "Nọ́ọ̀sì," ló fi ẹnu ìdajì wí, "ó jọ pé àwa la máa tọ́jú ẹ̀."

Ọkùnrin náà dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ kiri. Ó ga. Àwọn ìka rẹ̀ gùn, ó sì ń rọra gbé wọn bí ẹni tí ń ṣí ìwé àtijọ́ tí kò fẹ́ kó ya. Agbẹ̀bí náà wò wọ́n. Àyà rẹ̀ kò já, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Eyín inú ni, àbí?" Dókítà náà ti na ọwọ́ sí àgbọ̀n obìnrin náà. "Láti ìgbà wo ló ti ń yọ yín lẹ́nu? Ẹ bọ́ aṣọ òjò yẹn, kẹ́ ẹ jókòó."

Oníbúrẹ́dì bọ́ aṣọ òjò. Ikùn rẹ̀ yọ síta, ó rogodo, ó ti wọ oṣù keje. Ọwọ́ dókítà náà dúró lójú ọ̀nà, kò dé ibi tó ń lọ.

"Ẹ má bínú," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "A kì í fọwọ́ kan eyín aboyún níbí. Tí wọ́n bá ti bímọ, kí wọ́n padà wá."

"Títí ìgbà yẹn, ṣé eyín á máa dúró dè wọ́n ni?" agbẹ̀bí náà bi í.

"Òfin ilé iṣẹ́ ni. Màmá mi ló ni ibí, àwọn ló ṣe òfin. Ẹ bu iyọ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n máa fi yọ ẹnu."

"Iyọ̀ wà nílé," oníbúrẹ́dì ní. "Òun ni mo fi ń ṣe búrẹ́dì. Ká ní iyọ̀ ń yọ eyín ni, mi ò bá má ti ní ẹyọ kan lẹ́nu mọ́."

Wọ́n jáde sínú òjò. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé agbẹ̀bí yìí wá sí ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní òdìkejì títì, kò sì mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ ọ́n. Bí aboyún bá dárúkọ eyín ní ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n á ní kó lọ bá àwọn eléyín. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn eléyín, wọ́n á ní kó lọ bímọ ná. Títì kan péré ló wà láàárín ilé méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ń sọdá rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, tí wọ́n bá rìn ín títí, wọ́n á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú lọ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, dókítà eyín sọdá títì wá. Agbẹ̀bí ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti ń lọ sílẹ̀?"

"Dókítà wa ti fún wọn lóògùn. Ó ti ń lọ sílẹ̀. Eyín ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Tí ẹ bá mọ̀, kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá gba ìbínú yín ni. Lánàá, ẹ ò ráyè bínú tán, òjò ń pa yín."

Ó fẹ́ dijú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó yẹ kó lé e. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó nu ọwọ́, ó bá a jáde dé ibi àga gbọọrọ tó wà lábẹ́ igi níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lòun ní. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti dẹwọ́ lọ́sàn-án, ọkùnrin náà á sọdá wá, tàbí kí agbẹ̀bí náà rí ohun kan tó gbé e kọjá níwájú ilé eyín. Ọkùnrin náà sọ ọ́ ní Arìnkánkán. Ó ní kó tó mọ ojú rẹ̀ lòun ti mọ ìrìn rẹ̀, láti ojú fèrèsé.

"O máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń pè nínú ilé tó ń jó," ló wí.

"Wọ́n ń pè mí lóòótọ́. Ọmọ kì í dúró de ẹni tí ń yan fanda."

"Èmi ńkọ́? Tí mo bá pè ọ́?"

"Ìwọ ò wú níbì kankan. O lè dúró."

Bàbá agbẹ̀bí náà ló kọ́kọ́ fi ojú rere wo ọ̀rọ̀ náà. Aláago ni. Inú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, awò kékeré lójú kan, aago tó tú palẹ̀ níwájú rẹ̀. Eyín rẹ̀ kan ṣẹ́, ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí òdìkejì títì, nígbà tó sì padà dé, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ròyìn ohun tó rí níbẹ̀.

"Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ọmọkùnrin yẹn ń ṣe," ló wí. "Ihò tóóró, irin tín-ín-rín, sùúrù."

"Aago kì í ké, Bàbá."

"Èmi náà ò ké. Ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ ni. O lè lọ sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó lọ sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ló ń pè é nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn sí i. Ó sì ń dùn sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà mìíràn, bí ó bá ń ká aṣọ ọmọ tuntun jọ ní ilé ìgbẹ̀bí, á rí i pé òun ti dúró sójú kan, aṣọ lọ́wọ́, òun ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Nígbà tí ọkùnrin náà sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ó ní, "Mo ti mọ̀. Mo kàn ń dúró kó o rí i sọ ni."

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n máa ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, aboyún kan á fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ ilé eyín, wọ́n á sì dá a padà. Bí agbẹ̀bí bá béèrè, ọkùnrin náà á ní, "Màmá mi ni," á sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé.

Lọ́jọ́ kan, agbẹ̀bí kọ̀, kò jẹ́ kó mú ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé.

"Ó ti pẹ́," ọkùnrin náà wí níkẹyìn, lábẹ́ igi. "Mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Màmá ló ń dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Aboyún kan wá, eyín ń dùn ún. Màmá gbé e sórí aga, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí ń mú kí ẹnu kú. Wọn ò tíì mú ẹ̀mú rárá tí ojú obìnrin náà fi yí, tí òógùn tútù bò ó, ló bá dákú. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì jí. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oyún náà bà jẹ́."

"Wọ́n sì ní abẹ́rẹ́ ni," agbẹ̀bí wí.

"Gbogbo ènìyàn ló ní abẹ́rẹ́ ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá, wọ́n fọ́ gbogbo fèrèsé wa. Màmá ti ilẹ̀kùn pa. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i padà, òfin yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Látìgbà náà, bí wọ́n bá rí ikùn aboyún, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n."

Agbẹ̀bí yíjú sí i. "Oyún náà ti tóbi?"

"Ó ti tóbi."

"Báwo ló ṣe dùbúlẹ̀ lórí aga?"

Ọkùnrin náà tẹ orí ba. Ó ń wo ilẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn agbẹ̀bí máa ń ṣe láìrò ó, bí ènìyàn ṣe ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Wọn kì í fi aboyún tó ti wúwo sílẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn. Wọ́n á ti ìrọ̀rí kékeré bọ abẹ́ ìbàdí ọ̀tún rẹ̀, kí ara rẹ̀ lè dẹ̀ sí òsì díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ á tẹ iṣan ńlá tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ìyá rẹ̀, òógùn á bo ìyá, á dákú. Bí wọ́n bá ti yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ á tún wálẹ̀.

"Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀," agbẹ̀bí wí. "Àbí?"

"Ẹ̀yìn ni."

Bí ó ṣe sọ ọ́ ló fi yé agbẹ̀bí. Ọ̀rọ̀ náà kò bá ọkùnrin yìí lójijì. "O mọ̀," ló wí. "O ti mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́."

"Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa gan-an ló yé mi."

"Ṣé o sọ fún màmá rẹ?"

"Kí n sọ kí ni, Arìnkánkán? Pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi tẹ́ obìnrin náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè gbé ìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n lè gbé èkejì."

"Gbogbo aboyún tí mo gbé wá síwájú rẹ, o wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, o mọ̀ pé o lè tọ́jú wọn, o wá ní òfin ni."

"Màmá mi ni."

"Mo mọ̀ pé màmá rẹ ni. Àwọn náà fẹ́ di màmá ẹlòmíì." Ó ti dìde. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè. "Mi ò lè fẹ́ ẹni tó mọ nǹkan tó sì gbé ẹnu dákẹ́ lé e. Lọ́jọ́ tó bá kàn mí, wàá dákẹ́ fún èmi náà, wàá sì ní torí o fẹ́ràn mi ni."

Agbẹ̀bí rìn padà sínú ilé ìgbẹ̀bí, kò sì rìn kánkán.

Látìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde. Bí ọkùnrin náà bá sọdá wá, wọ́n á ní ó wà lọ́dọ̀ ẹni tí ń rọbí, nígbà mìíràn ó máa ń jẹ́ òótọ́. Nílé, bàbá rẹ̀ wò ó títí, ó bọ́ awò kúrò lójú.

"O jí, o jẹun, o ń lọ síbi iṣẹ́," ló wí. "Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kí ló wá dé tí mi ò gbọ́ ìró kankan?"

"Ẹ jẹ́ n sinmi, Bàbá."

"Mo ti jẹ́ kó o sinmi. Mo kàn ń béèrè ni."

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì tún wú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wú kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọrùn. Ibà mú un. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí ju ibi tí ìka méjì lè gbà lọ, tíì lásán ló sì ń mu. Dókítà ilé ìgbẹ̀bí wò ó, ó ní eéwo ti so sí ìdí eyín náà, bí wọn ò bá sì yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, májèlé rẹ̀ lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó mú ìyá àtọmọ. Ilé eyín mìíràn tó wà, ìrìn ìdajì ọjọ́ ni lórí ọ̀nà tó kún fún kòtò.

Agbẹ̀bí ti apá bọ abẹ́ apá oníbúrẹ́dì. Wọ́n sọdá títì.

Ìyá ni wọ́n bá nínú yàrá náà. Obìnrin kékeré ni, irun rẹ̀ ti funfun, ó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì le fún áyọ́ọ̀nù lílọ̀. Ó wo oníbúrẹ́dì, ó wo ikùn rẹ̀, ó bọ́ awò.

"Ọmọ mi, o mọ òfin wa."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Kí ló wá dé tó o tún gbé e wá?"

"Ibà ti mú wọn, mà. Dókítà wa ní eyín yẹn ò gbọdọ̀ sùn lẹ́nu wọn lónìí."

"Ìwọ ò rí ohun tí mo rí," ìyá náà wí. Ó ń to àwọn irin tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, irin ń kan ara wọn. "Mi ò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yìí. Ẹ wá mọ́tò, kẹ́ ẹ máa lọ. Mo bẹ̀ yín."

Ọmọ rẹ̀ jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó ti rù díẹ̀. Kò wo agbẹ̀bí. Ó lọ tààrà síbi tí oníbúrẹ́dì wà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì dúró ṣáá bí ẹni tí ń ka nǹkan.

"Màmá, ẹ jẹ́ n yọ ọ́."

"Rárá."

"Mà á yọ ọ́, Màmá."

Kò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ọ̀kan ò fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èkejì ò fẹ́ kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́," oníbúrẹ́dì wí láàárín eyín tí kò ṣí, "ẹ bá mi parí ìjà yín kíá. Mo fi búrẹ́dì sínú ààrò."

Dókítà náà gbé e jókòó. Kò tẹ́ aga náà sílẹ̀ gbalaja. Ó dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn níwọ̀nba. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó mú ìrọ̀rí kékeré tí ìyá náà ń fẹ̀yìn tì, ó sì rọra tì í bọ abẹ́ ìbàdí ọ̀tún oníbúrẹ́dì. Ikùn ńlá náà yí sí òsì díẹ̀.

"Kí ni ìrọ̀rí yẹn wà fún?" ìyá béèrè.

Agbẹ̀bí lè dáhùn. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó pé, kò sì gùn. Ó pa ẹnu mọ́. Ó di ọwọ́ oníbúrẹ́dì mú, ó ń fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, ó sì ń wo ojú ọkùnrin náà.

"Kí ọmọ má baà tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ni, Màmá," ọkùnrin náà wí. Kò gbé orí sókè. "Bí aboyún tó ti wúwo bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ó lè dákú. Kì í ṣe abẹ́rẹ́."

Ìyá náà kò mira. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́, Màmá."

Ọkùnrin náà fún oníbúrẹ́dì lábẹ́rẹ́, ó dúró kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú, ó fi ìka rọra kàn án, ó bi í bóyá ó ń mọ̀ ọ́n. Agbẹ̀bí ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù lọ́rùn ọwọ́ obìnrin náà. Kò yára jù, kò falẹ̀. Òógùn kò yọ. Ìyá ti rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó di irin rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò jáde. Ẹ̀mú wọ ẹnu. Ọwọ́ náà kò fà, kò já. Ó ń mi eyín ọ̀hún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń bẹ ènìyàn pé kó dìde lórí àga. Lójijì, eyín náà jáde, eéwo tú lẹ́yìn rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Omi bọ́ lójú oníbúrẹ́dì. Ó ní ìgbà tóun ti lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì gbẹ̀yìn, òun ò rántí mọ́.

Agbẹ̀bí fi ìwo kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn náà, ó fi etí lé e.

"Ó ń lù dáadáa," ló wí.

Nígbà tó gbé orí sókè, ìyá náà ti lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin náà ní, "O ṣeun."

"Ìwọ náà ṣeun," agbẹ̀bí dáhùn.

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹnì kan ti gbé nǹkan tó wúwo lọ sílé.

Ìyá kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Oníbúrẹ́dì, tó ti ń fi ẹnu odindi sọ̀rọ̀, ló ń mú ìròyìn wá: ọmọkùnrin náà ló ń dá ṣílẹ̀kùn, òun náà ló ń dá tì í, bí wọ́n bá sì kí i, á kọ́kọ́ wo ènìyàn bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń pè é.

Lọ́jọ́ kan lọ́sàn-án, nígbà tí kò sí aláboyún kankan lórí ibùsùn, ìyá náà wọ ilé ìgbẹ̀bí. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kan.

"Fi hàn mí," ló wí.

Kó tó di pé agbẹ̀bí rí ohun tó máa sọ, ó ti bọ́ bàtà, ó ti gun ibùsùn, ó dùbúlẹ̀. Agbẹ̀bí mú ìrọ̀rí, ó tì í sí abẹ́ ìbàdí ọ̀tún rẹ̀, ó fi ọwọ́ sọ ọ̀nà tí ọmọ ń gbà tẹ iṣan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dúró. Ìyá náà ń gbọ́. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri.

"Nígbà tó dákú," ìyá náà wí, "mo tún tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Mo di èjìká rẹ̀ mú kó má baà yí. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Agbẹ̀bí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà.

"Èmi ni, àbí?"

"Dídákú yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bó ṣe dùbúlẹ̀ ló fà á. Oyún tó bà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mi ò mọ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè mọ̀ ọ́n."

"O lè parọ́ fún mi kí ara lè tù mí."

"Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

"O ò ṣe é."

"Rárá, mà."

Ìyá náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. "Ọmọ mi fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi torí ó fẹ́ràn mi," ló wí. "Inú ń bí mi sí i, mo sì mọ ìdí tó fi ṣe é. Ìwọ ńkọ́, ṣé inú ṣì ń bí ọ sí i?"

"Ó ti ń dín kù, mà."

"Bá mi jẹ́ kó dín kù sí i díẹ̀. Ó ń mu tíì láìfi ṣúgà sí i, kò sì mọ̀." Ó dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà. "Ọjọ́ wo làwọn aboyún máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín?"

"Ọjọ́rú, mà."

"Kí wọ́n máa sọdá wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n máa wá kó tó di pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Èmi àti òun á jọ máa wà níbẹ̀. A ò ní dá ẹnikẹ́ni padà."

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, àwọn aboyún tò sẹ́nu ọ̀nà ilé eyín. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn lọ tán, ọkùnrin náà sọdá wá. Agbẹ̀bí wà lórí àga gbọọrọ lábẹ́ igi. Kò sá gba ẹ̀yìnkùlé.

"Mi ò wá sọ pé màmá mi ni," ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. "Èmi ni. Mo bẹ̀rù omijé wọn, mo wá jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì máa sun tiwọn. Mo jẹ̀bi."

"O jẹ̀bi lóòótọ́."

"Ṣé mo lè jókòó?"

"O ò wú níbì kankan," ló wí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó sún fún un. "Jókòó."

Ó jókòó. Ó mú ọwọ́ agbẹ̀bí, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì ń wò ó. "Mo fẹ́ kó o fẹ́ mi, Arìnkánkán. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́nà tó gùn."

"Màjẹ̀mú kan ni mo ní. Ohun tí o bá mọ̀ tó kàn mí, o gbọ́dọ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n gan-an. Bó ti wù kó korò."

"Mo gbà."

"Kó má jẹ́ ti ẹnu lásán, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀."

"Ó dáa. Kí n bẹ̀rẹ̀ lónìí?"

Ó yíjú sí i. "Kí lo tún mọ̀?"

"Màmá wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ báyìí. Wọ́n mú aago tí kò bà jẹ́ lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn tún un ṣe."

Agbẹ̀bí ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìrìn tó rìn lọ síbẹ̀, ọkùnrin náà ń sáré díẹ̀díẹ̀ kó tó lè bá a.

Nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró náà, ìyá wà lórí ìdúró, bàbá ti ṣí ìdí aago sílẹ̀, awò wà lójú rẹ̀ kan.

"Mà, aago yìí ò ṣe nǹkan kan," bàbá wí.

"Mo mọ̀."

"Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?"

"Mo rò pé ẹ máa ní kí n jókòó, ká jọ sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa."

Bàbá bọ́ awò. Ìgbà náà ló rí àwọn méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń mí gúlegúle. Ó wo ọkùnrin náà. Ó wo ọwọ́ tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pẹ́ lára rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá."

"Inú rẹ kò pín sí méjì?"

"Ó ti pín rí. Kò pín mọ́."

Bàbá dé ìdí aago náà, ó nù ún, ó fi lé ìyá náà lọ́wọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fa àga kejì jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì fi ọwọ́ gbá eruku orí rẹ̀ nù.

"Ẹ jókòó, mà," ló wí.